Ẹ Dá Iná Síta, Ẹ Gbé Ooru Wọlé

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Àkànní, ọmọ mi,

Kí o tó jókòó ka ìwé yìí, dìde ná. Lọ ṣí fèrèsé yàrá tí Àbẹ̀kẹ́ ń sùn, kí o sì ṣí ìlẹ̀kùn pẹ̀lú. Bí ìkòkò èédú yẹn bá wà nínú ilé, gbé e síta. Má bi mí pé kí ló dé. Ṣe é ná, lẹ́yìn náà kí o padà wá, kí n wá kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ.

Ṣé o ti ṣe é? Àbí o dúró sójú kan, ò ń rẹ́rìn-ín pé ìyá yín tún ti dé? Ó dáa. Àsàlámù àlékùn, Àkànní ọkọ mi, àrẹ̀mọ mi. Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ilé tuntun. Báwo ni Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi? Ọjọ́ ń sún mọ́lé. Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kí a má bàa ní kó lọ sóko.

Akọ̀wé tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà'ba ni mo pè wá sílé láti bá mi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí gan-an ni kó kọ, kó má fi èdè òyìnbó ṣe fáàrí sí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá húkọ́ pàápàá, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Òun náà ló ka ìwé tí o kọ sí wa, mo sì ní kó tún un kà, kó tún un kà, títí ó fi bi mí bóyá etí mi ló di.

O ní wọ́n ti gbé ọ ga nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, pé o kúrò lára àwọn tó ń da èédú sẹ́nu ẹ̀rọ, o ti wà lára àwọn tó ń wà á gan-an. Alihamudulilahi! Kò sí ẹni tí mi ò sọ fún láti Bẹẹrẹ dé Pópó Yemọja. Àwọn obìnrin agboolé ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́kọ̀, mo sì ń dáhùn. O ní wọ́n fún yín ní ilé ní Jọ́ọ̀sì, ilé páànù tí wọ́n fi pákó tẹ́ òkè inú rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tì í, atẹ́gùn kankan kò ní ríbi gbà wọlé. O fi ìyẹn yangàn, ó sì tọ́ kí o yangàn.

Lẹ́yìn náà lo wá bi mí ní ìbéèrè. O ní ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú níbẹ̀, àti pé ẹ fẹ́ kí yàrá gbóná kí ọmọ tó dé. Igi ìdáná, èédú, sítóòfù karosíìnì tí ọ̀gá rẹ fẹ́ tà kó tó lọ sílùú òyìnbó, àti irin mànàmáná tí o rí nílé òyìnbó tó ń wa kùsà: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń mú ilé gbóná jù, tí kì í sì í fi nǹkan ṣòfò? O ní èédú ni ìwọ fara mọ́, pé òun náà lẹ lò ní èṣí, nítorí kò ní èéfín, ó sì ń jó di àárọ̀. O ní, "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń se ọṣẹ kí n tó dáyé, ẹ̀yin lẹ mọ iná."

Ìbéèrè gidi ni. Ǹ bá fẹ̀yìn ti ògiri, kí n fi ìdùnnú dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, bí ẹni tó rántí nǹkan kékeré kan, o kọ ọ́ pé orí a máa fọ́ Àbẹ̀kẹ́ láràárọ̀, a sì máa bì, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó nínú oòrùn títí di ọ̀sán, ara rẹ̀ a yá. O ní oyún ni. Àkànní, ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni èébì àárọ̀ máa ń wá. Ta ló gbọ́ pé ẹni tí ikùn rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èébì àárọ̀? Àyà mi já. Bàbá rẹ ní kí n jẹun, mo ní oúnjẹ kò lọ.

Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn ohun tí o bi mí ná, nítorí inú rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkínní ni ti igi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé bàbá rẹ, mo rò pé igi ni igi ń jẹ́. Mo lọ sí Òjé, mo rí obìnrin kan tó ń ta igi ńláńlá lówó pọ́ọ́kú, mo rà á, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n ju gbogbo ìyàwó ilé lọ. Igi tútù ni. Mo gbé ìkòkò ọṣẹ kaná láàárọ̀, oòrùn yí, kò hó. Èéfín kún agboolé, ewúrẹ́ sá jáde. Ìyá bàbá rẹ bọ́ síta, ó fi aṣọ bo imú, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ọṣẹ lò ń sè ni, àbí oyin lò ń lé?" Ojú tì mí. Òun ló wá kọ́ mi pé igi tútù, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi iná gbẹ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń fún ìkòkò. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ra igi, ẹ kàn wọ́n mọ́ ara wọn kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Èyí tó bá gbẹ a máa dún kòkòkò. Ẹ sún ààrò mọ́ra, kí afẹ́fẹ́ má jí ooru gbé, ẹ sì máa dé ìkòkò yín.

Igi ní oore kan tí èédú kò ní. Bó bá jó tán, eérú rẹ̀ ṣì wúlò fún ọṣẹ mi. Igi tún jẹ́ aláriwo. Bó bá fẹ́ ṣe ọ́ níbi nínú yàrá, á ta ọ́ lójú, á mú ọ húkọ́, wàá bú u, wàá sì sá jáde. Àwọn àgbà ní ìwà lèéfín, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí o rántí aláriwo yẹn nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.

Èkejì ni ti èédú. Ibi tí o sọ pé agbọ̀n èédú ń mú ilé gbóná ju ẹrù igi lọ, o jàre. Èédú ti fi omi àti èéfín rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó níbi tí wọ́n ti sun ún, iná nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò dára kò mọ iná. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ǹjẹ́ o ti rí ilé alágbẹ̀dẹ tó ní ìlẹ̀kùn rí? Òpó àti òrùlé ni, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalasa. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé nítorí ooru ni, àfi ọjọ́ tí mo lọ ra ọ̀bẹ lọ́dọ̀ Ògúnwálé, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń rọ irin ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀yìn mi lo wà lọ́jọ́ náà, o kò tíì rìn.

Òjò ọdún yẹn kò dá rárá. Ìyàwó Ògúnwálé ní ata tó fẹ́ jẹrà. Ó kó ẹyin iná èédú sínú ìkòkò, ó gbé e wọ yàrá tí wọ́n ń kó irè sí, ó pa ìlẹ̀kùn dé kí òtútù má wọlé, ó jókòó ó ń yí ata. A wà níta, à ń ná ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ̀ pè é kó gbé omi wá, kò dáhùn. Ó tún pè é. Ló bá dìde, ó fẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Obìnrin náà ti sùn lọ sórí ata. Ètè rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fi osùn para, ẹwà rẹ̀ tún ju ti ìgbà tí ara rẹ̀ dá lọ. Èmi ta igbe pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe é, pé ta ló ń bá a jowú. Ògúnwálé ti sáré wọlé bá a. Ó wọ́ ọ sínú òjò, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, títí obìnrin náà fi mí kanlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà náà ni ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Àkànní, ẹ yé pariwo. Kò sí ẹni tó ń jowú. Èédú ló mú un. Kò ní èéfín tí yóò jí ènìyàn, ìyẹn ló fi ń pa ni."

Orí fọ́ obìnrin náà di ọjọ́ kejì. Bó bá jókòó síta, ara rẹ̀ a yá díẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń rí ibi tí mò ń lọ, nítorí ọlọ́gbọ́n ọmọ ni ọ́. Má sọ fún mi pé o ti fi ọdún pípẹ́ bọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ léèédú, kò sì ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ta ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ ojú irin? Atẹ́gùn ń fẹ́ yín láti iwájú dé ẹ̀yìn. Má sì sọ pé ìyá bàbá rẹ dá iná sí yàrá fún mi nígbà tí mo bí ọ. Òótọ́ ni, ogójì ọjọ́ ni mo fi yá iná, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n koríko ni òrùlé wa. Èéfín ń gba àárín rẹ̀ jáde, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, alángbá pàápàá ń gba ibẹ̀ kọjá. Àṣà náà kò burú, ilé ló yí padà. Ẹ gbé àṣà ilé koríko lọ sínú ilé gíláàsì, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kàn án.

Ó ku ibi tó le. Mo ti ní kí akọ̀wé sinmi, kó mu omi. Ìwọ náà, jókòó ti Àbẹ̀kẹ́. Di ọwọ́ rẹ̀ mú kí o tó ka èyí.

Nígbà ọyẹ́ èṣí, Àṣàkẹ́ yín sùn, kò jí. Ọmọ tó mu ọmú yó, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò húkọ́. Nínú yàrá tí ẹ háyà nígbà náà, ìwọ fúnra rẹ lo fi amọ̀ dí gbogbo ihò ara ògiri kí òtútù má bàa mú un, o kọ ọ́ sí wa, a sì yìn ọ́. Ìkòkò èédú wà lẹ́bàá ẹní. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti lọ. Àwọn ará ilé Àbẹ̀kẹ́ ní àbíkú ni. Bàbá rẹ ní àbíkú ni. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ gbà á lẹ́nu wa, kò sì tíì gbójú sókè dáadáa láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí o wálé, bàbá rẹ bi ọ́ bó ṣe rí. O ní ètè ọmọ náà pupa, pé ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. O ní adìẹ kan sàba ní kọ̀rọ̀ yàrá náà, pé ẹ gbé e wọlé nítorí òtútù, pé òun náà kú lórí ẹyin rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Gbogbo wa tí a jókòó síbẹ̀ mi orí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi adìẹ ṣe ẹrù lọ sọ́run. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́.

Àkànní, adìẹ kì í ṣe àbíkú. Adìẹ kò ní ẹgbẹ́ lọ́run, kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú kó tó wáyé. Láti ìgbà tí akọ̀wé ti ka ìwé rẹ tán, adìẹ yẹn ni mò ń rò. Ohun tó pa á ló pa ọmọ wa. Òun náà ló ń fọ́ ìyàwó rẹ lórí láràárọ̀ báyìí.

Akọ̀wé gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n kọ èyí náà? Ó lè pa ọkàn ọmọkùnrin náà." Mo ní kó kọ ọ́. Bí mo bá pa á mọ́ nítorí kí o má sunkún, ẹ ó tún ti fèrèsé mọ́ èyí tó ń bọ̀. Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè wà láyé kí orí ọmọ tuntun wọ́ lójú mi.

Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. O ti ń wo ọwọ́ rẹ báyìí. Má wò ó mọ́. Ọwọ́ tó gbé iná wọlé kí òtútù má bàa mú ọmọ, ọwọ́ bàbá ni. Ohun tí o kò mọ̀ ni, àwa tí a bí ọ kò sì mọ̀. Bí ẹkún bá wá, sun ún, bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ yìí na ara rẹ lójoojúmọ́, nítorí ẹni tó bá ń na ara rẹ̀ kì í ráyè tọ́jú ìyàwó. Mo fẹ́ràn rẹ. Mi kì í sọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ dáadáa, kó ṣe é ní lẹ́tà ńlá.

Ka ibi yìí sókè fún ìyàwó rẹ. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, èmi ìyá ọkọ rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwọ kì í ṣe ìyá àbíkú. Kò sí ohun tó ṣe inú rẹ. Àṣàkẹ́ kò wá tàn ọ́ jẹ, kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà fẹ́ dúró tì ọ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Dárí jì mí pé èmi náà bá wọn pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè ọ́ ní orúkọ yẹn, ní kó wá bá mi ní Bẹyẹrúnkà. Omi eérú kún ìkòkò mi, ó sì ń ta ojú.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ ó ṣe. Akọ̀wé ní mo ti dé ẹ̀kẹfà, mo ní kó jẹ́ kí n ka nǹkan mi bó ṣe wù mí. Ẹ dá iná síta, ẹ gbé ooru wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dá iná èédú yín sẹ́yìn ilé, kó jó bó ṣe fẹ́. Ẹ wá òkúta tó ki, ẹ tì í sínú rẹ̀ kó gbóná dáadáa. Ẹ má mú òkúta inú odò o, nítorí omi wà nínú rẹ̀, á bú gbàù, á fọ́ sí yín lójú. Bó bá gbóná tán, ẹ fi ẹ̀mú gbé e sínú ìkòkò amọ̀, ẹ dé e, ẹ gbé e wọlé. Yóò máa tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní gba atẹ́gùn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún lè rọ omi gbígbóná sínú ìgò ọtí òyìnbó, èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, kí ẹ dí i lẹ́nu, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e síbi ẹsẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì gbé e pamọ́ bí ààfáà bá wá kí yín.

Ẹ má lépa kí gbogbo yàrá gbóná. Ooru tí ẹ fi ń bọ́ yàrá, páànù ló ń jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ bá fi aṣọ bò mọ́ra ló ń bá yín sùn. Mo fi kíjìpá tó ki ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, owú ọwọ́ mi ni. Bí ọmọ bá dé, kí Àbẹ̀kẹ́ gbé e sí àyà, kí awọ kan awọ, kí ẹ fi kíjìpá bò wọ́n pọ̀, kí imú ọmọ wà níta. Ara ìyá gbóná tó, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Ẹ fi ojú fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń hu.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹní kí o máa gbọ̀n. Mò ń ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú síra yín nínú òtútù. Ní ọdún tí èmi àti bàbá rẹ kọ́kọ́ fẹ́ra, a jà nítorí iyọ̀, ni kálukú bá kẹ̀yìn sí ara wọn. Aṣọ kan náà tó ń bo wa tẹ́lẹ̀, ńṣe la ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ikọ́ mú mi, ikọ́ mú òun náà, ìyá rẹ̀ sì fi àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí ìjà bá wà nílẹ̀, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹní.

Ti sítóòfù karosíìnì, bí ọ̀gá rẹ bá tà á ní ẹ̀dínwó, rà á. Yóò tètè bá yín se omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni kó máa gbé, kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá. Ohunkóhun tó bá ń jó, atẹ́gùn tí ẹ̀ ń mí ló ń bá yín jẹ, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ epo.

Ti irin mànàmáná yẹn, mi ò tíì rí i, mi ò sì ní purọ́. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, pé iná tí kò jẹ igi, tí kò jẹ epo, kí ló ń jẹ? Akọ̀wé ní òun gbọ́ pé omi tó ń já láti orí òkè ló ń yí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà a sì fi wáyà rán an wá sílé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Ṣé omi ló wá ń dáná báyìí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó, òyìnbó yẹn ń ṣe ohun tí mò ń wí ni. Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà jìnnà sílé, ooru nìkan ló gbà wọ yàrá. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀. Nítorí náà, bó bá di ọjọ́ kan tí irú rẹ̀ kan ilé yín, òun ni mo fara mọ́ jù fún yàrá ọmọ, bó tilẹ̀ wọ́n bí ojú. O bi mí, mo ti dá ọ lóhùn. Kí ó tó dé, ẹ máa lo òkúta.

Mi ò fẹ́ kí ìwé yìí sùn sọ́nà. Ẹnìkan láàárín àwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ láti Dùgbẹ̀ ni yóò mú un wá, ó ní òun mọ̀ ọ́. Bí mo bá ti gé ọṣẹ tó wà lórí iná yìí tán, èmi náà ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Bàbá rẹ ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún òun. Mo ní kó se é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ará ilé Àbẹ̀kẹ́ wá bá wa lánàá. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá dé, bó bá jẹ́ ọkùnrin, bó bá jẹ́ obìnrin, Málọmọ́ ni ká sọ ọ́. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wo etí rẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé kí wọ́n tó sin Àṣàkẹ́, àgbà kan fi abẹ gé e létí, kí a lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. O kò sọ fún wa. Mo mọ ìdí tí o kò fi lè sọ ọ́.

Mo dá wọn lóhùn pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, mo ti wo ilé náà, mi ò rí àbíkú níbẹ̀. Èédú ni mo rí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fi ìborùn bo ojú, ó sunkún, mo sì jókòó tì í.

Nítorí náà, Àkànní, nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ náà lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀rù yóò bà ọ́, ọwọ́ rẹ yóò sì fẹ́ yí etí rẹ̀ wò. Má ṣe é. Àṣàkẹ́ kò ní padà wá. Ọmọ wa ni, a ó máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ẹni. Èyí tó ń bọ̀ yìí kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Wo ojú rẹ̀, kí o sì sọ orúkọ rẹ fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.